Ipò Kìíní Lọ́sẹ̀ Àkọ́kọ́: Kí Ni Àtẹ Orin Ń Kà Gan-an?

Bí ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé orin àkọ́kọ́ jáde, tí orin náà sì gba ipò kìíní kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ariwo á sọ. Ìwé ìròyìn á gbé àwòrán wọn sójú ewé iwájú, rédíò á máa pè wọ́n, àwọn ọmọge á sì máa dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì. Bí orin náà bá rì, kẹ́kẹ́ á pa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ipò tí orin àkọ́kọ́ bá bọ́ sí lórí àtẹ ni a ó fi mọ ibi tí ẹgbẹ́ kan ń lọ. Èrò yìí rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n bí a bá to ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jọ, láti orí Jackson 5 títí dé orí BTS, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ lókè, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ lókè, ọdún kan kò pé tí wọ́n fi túká. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn, àwọn náà ni wọ́n wá gba ayé kan. Kí wá ni ipò orin àkọ́kọ́ ń sọ fún wa? Èsì tí mo rí ni pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí orin tó jáde ló ń sọ. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àtẹ jẹ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1952 ni àtẹ orin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú ìwé ìròyìn New Musical Express. Percy Dickins, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ń fi tẹlifóònù pe nǹkan bí ogún ṣọ́ọ̀bù tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù, tó ń bi wọ́n pé èwo ló tà jù lọ́sẹ̀ yẹn. Kò bi wọ́n bóyá orin náà dára, kò sì bi wọ́n bóyá wọn yóò ṣì máa gbọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Títí di òní, ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kan náà ni àtẹ ń dáhùn.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1958 tí ìwé ìròyìn Billboard ti dá àtẹ Hot 100 sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pa iye tí orin tà pọ̀ mọ́ iye ìgbà tí rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan lè kó owó oúnjẹ rẹ̀ jọ láti ra rẹ́kọ́ọ̀dù wọn lọ́jọ́ tó jáde, àmọ́ kò lè fi ipá mú rédíò láti gbé orin wọn. Nítorí náà, níbi tí ọjà títà nìkan ti ń pinnu, ẹgbẹ́ tó ní olólùfẹ́ tó gbóná lè fò sókè lọ́sẹ̀ kan. Níbi tí rédíò ti ní ẹnu sí i, wọ́n á dúró dìgbà tí àwọn àgbàlagbà tó ń yan orin bá gbà fún wọn.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọgbọ́n yìí dójú àmì. Wọn á gbé orin fún rédíò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, kí òùngbẹ rẹ̀ lè máa gbẹ àwọn ọmọ. Wọn á ṣe sídì méjì fún orin kan ṣoṣo, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì, àfikún orin inú ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yàtọ̀ síra kí olólùfẹ́ tòótọ́ lè ra gbogbo rẹ̀. Wọn á dín owó rẹ̀ kù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ńṣe ló dà bí odò tí wọ́n sé, tí wọ́n wá ṣí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí orin fi ń já wọ ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan náà, tí á sì máa yọ̀ wálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orin tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2005, ọgbọ́n sídì méjì dẹ̀rọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbígbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, tí ìgbà 100 tí wọ́n gbọ́ orin kan jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n rà. Ẹni tó bá ra orin, ẹ̀ẹ̀kan la kà á. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ la ń kà á. Bí ìṣirò bá yí padà báyìí, ẹni tí yóò wà lókè náà á yí padà, bí orin náà kò tiẹ̀ yí.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè

Ẹgbẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Jackson 5. Oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown gbé "I Want You Back" jáde. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1970, ó ti wà ní ipò kìíní lórí Hot 100. Orin mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, "ABC," "The Love You Save" àti "I'll Be There," náà gba ipò kìíní. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé àwọn ọmọ náà já bọ́ láti ọ̀run ni. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó dé Motown ni wọ́n ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù "Big Boy" fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Steeltown nílùú wọn, Gary, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní 1968. Wọ́n ti kọrin ní ilé fàájì láìmọye, wọ́n sì ti borí nínú ìdíje àwọn olórin tuntun ní Apollo Theater ní New York. Nígbà tí Motown gbà wọ́n, Berry Gordy tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó kọ orin fún wọn, wọ́n pe ara wọn ní The Corporation, wọ́n sì fi orúkọ Diana Ross, ìlúmọ̀ọ́ká akọrin Motown, sórí àwo àkọ́kọ́ bí ẹni pé òun ló mú àwọn ọmọ náà wá síta. Orin tí a ń pè ní àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Westlife ni ẹgbẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Àwọn ọmọ Sligo ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, IOYOU sì ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà kan. Louis Walsh, tó ti sọ Boyzone di ìlúmọ̀ọ́ká, gbà wọ́n, ó yọ àwọn kan, ó fi àwọn mìíràn kún un. Ó kó wọn lọ kọrin ṣáájú Boyzone àti Backstreet Boys ní Dublin, ó fi Ronan Keating ti Boyzone ṣe alákòóso pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ìròyìn Smash Hits gbé wọn káàkiri nínú ìrìn-àjò orin rẹ̀ ní 1998 nígbà tí wọn kò tíì ní orin kankan lọ́jà. Nígbà tí "Swear It Again," tí Steve Mac àti Wayne Hector kọ, jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, kò sí ọmọbìnrin tó ń ka Smash Hits tí kò tíì mọ orúkọ wọn. Orin náà gba ipò kìíní, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Orin mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ṣe bákan náà. Ìgbà tí ó di Kérésìmesì ọdún 2000 ni "What Makes a Man" tó já okùn náà. Ẹni tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn ni Bob the Builder, kọ́lékọ́lé inú eré ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn nìkan ti tó láti rán wa létí pé kì í ṣe dídára orin ni àtẹ ń wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì. "Swear It Again" yìí kan náà dé Amẹ́ríkà ní 2000, ipò 20 ló dé, kò sì sí orin Westlife mìíràn tó wọ Hot 100 mọ́. Ohùn kan náà ni, orin kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí Smash Hits níbẹ̀, kò sí Boyzone tó ṣáájú wọn, rédíò ibẹ̀ sì ní ẹnu nínú ìṣirò.

Ní ti One Direction, tẹlifíṣọ̀n ló kó èrò jọ fún wọn. Ọdún 2010 ni wọ́n so àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tó wá dán ara wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan pọ̀ nínú The X Factor. Wọn kò borí, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Àmọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wò wọ́n lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n sì ń dìbò fún wọn. Simon Cowell, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ètò náà, gbà wọ́n sí Syco, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n lo oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbé "What Makes You Beautiful" jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, orin tí Savan Kotecha, Rami Yacoub àti Carl Falk kọ. Ó wọ ipò kìíní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì gba ẹ̀bùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù ní Brit Awards ti 2012. Ní Amẹ́ríkà, ipò 4 ló ga dé. Títí tí ẹgbẹ́ náà fi sinmi, wọn kò ní ipò kìíní kankan lórí Hot 100, bẹ́ẹ̀ ni àwo wọn àkọ́kọ́, "Up All Night," wọ ipò kìíní àtẹ àwo ní Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó jáde. Ìdí kò jìnnà: àwo ni àwọn ọmọ ń fi owó ara wọn rà, rédíò kò ní ọwọ́ níbẹ̀.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Bó bá jẹ́ orin àkọ́kọ́ ló ń pinnu, a kò bá tí gbọ́ orúkọ Take That. Oṣù Keje ọdún 1991 ni "Do What U Like" jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí alákòóso wọn, Nigel Martin-Smith, dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fídíò rẹ̀ kún fún jẹ́lì àti ìhòòhò, ó fa ariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ipò 82 ni orin náà dé. Orin kejì sàn díẹ̀, ìkẹta tún kùnà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ọmọ náà ń ti ilé-ìwé bọ́ sí ilé ijó, wọ́n ń jó fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò. Ìgbà tó di orin kẹrin, "It Only Takes a Minute," ní 1992, ni wọ́n wọ ipò 7. Ọdún 1993 ni "Pray" gba ipò kìíní. Gary Barlow ló kọ ọ́, ọmọ ẹgbẹ́ náà tó ti ń kọ orin láti kékeré.

Ti New Kids on the Block ní Boston sún mọ́ ọn. "Be My Girl," orin àkọ́kọ́ wọn ní 1986, kò wọ Hot 100 rárá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ wọn ti fẹ́ já wọn sílẹ̀, rédíò kan ní Tampa ní Florida mú "Please Don't Go Girl," ó ń gbé e ṣáá títí ó fi ràn kálẹ̀ dé ipò 10. Ọdún 1989 ni wọ́n gba ipò kìíní.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà lọ́wọ́ Backstreet Boys, torí pé orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán ilẹ̀ méjì wò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, láti Orlando. Ní 1995 ni Lou Pearlman, ẹni tó kó wọn jọ, fi wọ́n ránṣẹ́ sí Cheiron, ilé ìgborinsílẹ̀ ní Stockholm, níbi tí Denniz Pop àti Max Martin ti ṣe "We've Got It Goin' On" fún wọn. Nílé wọn ní Amẹ́ríkà, ipò 69 ló dé, nítorí orin onígìtá líle àti ráàpù ni rédíò ibẹ̀ ń wá nígbà náà. Ní Jámánì, níbi tí ìwé ìròyìn Bravo àti tẹlifíṣọ̀n VIVA ti ń wá irú wọn, ó wọ márùn-ún àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ̀yìn ti Yúróòpù títí di 1997, nígbà tí orin kẹrin wọn, "Quit Playing Games (With My Heart)," gun ipò 2 ní Amẹ́ríkà.

NSYNC, ẹgbẹ́ mìíràn tí Pearlman kó jọ, tọ ọ̀nà kan náà: Jámánì ní 1996, Amẹ́ríkà ní 1998. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún wọn ni ètò orin kan lórí Disney Channel tí Backstreet Boys kò lè ṣe nítorí iṣẹ́ abẹ ọkàn tí ọ̀kan nínú wọn lọ ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwo wọn "No Strings Attached" ta 2.4 mílíọ̀nù lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Àtẹ kò ní àyè tí a ti ń kọ oríire bíi ti ètò Disney yẹn sí.

Nígbà tí BTS jáde ní Seoul ní oṣù Kẹfà ọdún 2013 pẹ̀lú "No More Dream," ilé-iṣẹ́ wọn, Big Hit, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá mẹ́ta tó ń ṣàkóso ọjà orin Gúúsù Kòríà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni wọ́n tó borí fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ètò orin tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wọn. Kí ọdún 2020 tó parí, "Dynamite" ti sọ wọ́n di ẹgbẹ́ Kòríà àkọ́kọ́ tó dé ipò kìíní lórí Hot 100. Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́.

Àwọn tó gba òkè láìpẹ́ níbẹ̀

Ní òpin ọdún 2002, ètò Popstars: The Rivals fi ìbò àwọn òǹwòran kó ẹgbẹ́ ọkùnrin kan àti ẹgbẹ́ obìnrin kan jọ, kí wọ́n lè du ipò kìíní Kérésìmesì. One True Voice, àwọn ọkùnrin, ṣe ipò kejì pẹ̀lú "Sacred Trust." Girls Aloud ló gba ipò kìíní. Ipò kejì kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Take That ìbá ti jó yípo ọjà fún un ní 1991. Àmọ́ orin méjì péré ni One True Voice rí ṣe, wọ́n túká kí ọdún 2003 tó parí. Ní Amẹ́ríkà, ètò Making the Band bí O-Town. "Liquid Dreams" wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí Hot 100, "All or Nothing" tún ga jù ú lọ dé ipò 3, lẹ́yìn ìyẹn kò sí orin wọn tó tún wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ mọ́. Ọdún 2003 ni àwọn náà túká. Ohun tí àwọn èèyàn rà lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ yìí ni òpin eré tí wọ́n ti ń wò. Nígbà tí eré parí, ọ̀pọ̀ wọn lọ wá òmíràn wò.

Kò yẹ ká kọ ẹ̀yìn sí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà. Ipò kìíní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náwó sí orin kejì, ó ń jẹ́ kí àwọn tó mọ orin ín kọ gbà láti kọ fún ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ni owó náà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. "Candy Girl," orin àkọ́kọ́ New Edition, gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Àwọn ọmọ náà ti sọ ọ́ léraléra pé owó tí wọ́n fi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò orin wọn kò pé dọ́là méjì. Backstreet Boys àti NSYNC, àwọn méjèèjì ló gbé Pearlman lọ sílé ẹjọ́ lórí owó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni wọ́n padà dá fún un ní 2008 lórí jìbìtì mìíràn, ẹ̀wọ̀n náà ló sì kú sí ní 2016.

Níbi tí kò sí àtẹ

Nàìjíríà fi ìhà mìíràn hàn wá. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990 síwájú, nígbà tí ẹgbẹ́ Remedies (Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila àti Eddy Remedy) gbé "Sakomo" jáde, tí Plantashun Boiz sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwo "Body & Soul" ní 2000, kò sí àtẹ kan tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́ tó ń ka ohun tí orílẹ̀-èdè ń rà. Rédíò bíi Ray Power ní Èkó ló ń sọ ohun tó gbajúmọ̀. Ọjà Alaba ló ń ta kásẹ́ẹ̀tì, ayédèrú pẹ̀lú ojúlówó, láìsí ẹni tó ń ṣírò. A kò lè sọ ipò tí "Sakomo" gbà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbé ayé ìgbà náà ní Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ náà túká, àwọn inú wọn wá di olórin ńlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Innocent Idibia, tí a ń pè ní 2Baba, ti Plantashun Boiz ló gba ojú ọjà jù pẹ̀lú "African Queen." Ọdún 2020 ni TurnTable bẹ̀rẹ̀ àtẹ tó ń ka rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti gbígbọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Nígbà náà, ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́mọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọjà wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni olórin ń dá dúró.

Àìsí àtẹ yìí ní àǹfààní àti àdánù. Kò sí ẹgbẹ́ wa tí ipò 82 pa láyà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ọmọ olórin lè gbé síwájú ilé-iṣẹ́ láti fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, iye tí mo tà nìyí."

Òṣùwọ̀n tó sàn jù

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan orin kan tí a ó fi wọn ẹgbẹ́, orin kẹrin ni mo máa mú. Nígbà tí orin kẹrin bá máa fi jáde, ìtara àwọn tó dìbò ti rọlẹ̀, ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́, ìwé ìròyìn sì ti rí ọmọ tuntun mìíràn. Orin àti iṣẹ́ ló kù. Orin kẹrin Jackson 5 ni "I'll Be There." Ti Westlife ló gba ipò kìíní Kérésìmesì ọdún 1999. Ti Take That ló yọ wọ́n kúrò nínú òkùnkùn, ti Backstreet Boys ló mú wọn wọlé. One True Voice kò dé ibẹ̀. Kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yẹ̀: orin kẹrin One Direction, "More Than This," kò dé ibi gíga kankan lórí àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ wọ́n padà pẹ̀lú àwo kejì láàárín ọdún kan. Kódà níbẹ̀ náà, àwọn tó ń kọ orin fún wọn kò dáwọ́ dúró, ilé-iṣẹ́ wọn kò sì já wọn sílẹ̀. Nǹkan méjì yìí gan-an ni One True Voice kò rí.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Bí ìròyìn bá tún dé pé ẹgbẹ́ tuntun kan ti já wọ ipò kìíní, a lè bá wọn yọ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ni kí èèyàn kó èrò jọ. Ká kàn béèrè ohun mẹ́ta kí a tó pè wọ́n ní ìràwọ̀: ta ló kó èrò náà jọ, ta ló ń kọ orin wọn, ta ló sì ń gba owó? Ẹgbẹ́ tó bá ní èsì tó dára sí ìbéèrè kejì àti ìkẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti ipò 82. Èyí tó jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ló lè dáhùn, ipò kìíní kò lè gbà á.